Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ọjọ́ Sátidé Wa ní Leeds: Ẹ Dá Cec Thompson Padà Sínú Ètò Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀yin Alága wa, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń darí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nínú lẹ́tà yìí, nítorí kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti wá bá Alága ní ilé, mo ti dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, mo sì ti kọ̀wé sí Akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì láìrí èsì. Ohun tí ó kù fún mi ni pé kí n sọ ọ́ ní gbangba, kí àwọn òbí yòókù gbọ́ ohun tí a yọ kúrò nínú ohun tí a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti mọ̀. Láti 1987 ni wọ́n ti ń fi oṣù kẹwàá ọdún ṣe oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá, ẹ ní kí n ṣètò Sátidé kẹta. Mo yan ìgbésí ayé Cec Thompson, agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Hunslet, ní ìlú Leeds níbí, tí ó sì gbá fún ikọ̀ Great Britain ní 1951. Oṣù méjì ni àwọn ọmọ mẹ́rìnlá fi múra sílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n kọ ìtàn ní èdè Yorùbá, wọ́n há a sórí. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi pé ìgbìmọ̀ ti yọ ètò náà, pé a ó fi ìfihàn aṣọ àti oúnjẹ rọ́pò rẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni ẹ tò sílẹ̀: pé ọkùnrin náà kì í ṣe tiwa, pé agbábọ́ọ̀lù lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìwé ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ kọjú mọ́, àti pé ìtàn rẹ̀ bani nínú jẹ́ jù fún ọmọdé.

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ire àwọn ọmọ ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n óò sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní kì í ṣe tiwa.

Òtítọ́ ni pé Cec Thompson kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ Trinidad ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì aláwọ̀ funfun ni ìyá rẹ̀, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì bí i sí ní 1926. Bí ó bá jẹ́ pé ìran ni a fi ń wọ ètò yìí, òun kò wọ̀ ọ́. Àmọ́ ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Leeds ni àwọn ọmọ wa ń gbé. Leeds ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí. Nígbà tí wọ́n bá jáde nílé ní ọjọ́ ajé, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní oríkì kí ó tó wo àwọ̀ ara wọn. Ohun tí ojú Cec Thompson rí ní àwọn òpópónà gúúsù Leeds ní 1948, àwọ̀ yìí kan náà ni ó fà á.

Ọmọ mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí ó bí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ń gbá rọ́gbì pẹ̀lú àwọn ọmọdé àdúgbò, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Ó ní, “Bàbá mi, ṣé ẹni tí ó dà bíi tèmi ti gbá eré yìí rí ní ibí yìí, láyé àtijọ́?” N kò mọ èsì rẹ̀ nígbà náà. Mo lọ wá a. Èsì tí mo rí ni mo mú wá síwájú yín, òun náà ni ẹ ní kí n dá padà sílé.

Ẹ wo bí èsì náà ti gbòòrò tó. Nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá, irú èyí tí Cec gbá, ọmọ Wales aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Roy Francis ti gbá bọ́ọ̀lù fún Great Britain ní 1947. Cec Thompson tẹ̀lé e ní 1951. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú àgbà ikọ̀ England, ìyẹn Viv Anderson, 1978 ni ó wọ aṣọ náà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín 1951 àti 1978. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí ń bẹ ní Arsenal àti Chelsea. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni a lè fi rìn dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀nà náà tẹ́jú fún wọn. Ní 1946, nígbà tí ikọ̀ Great Britain ń lọ sí Australia, wọ́n fi Roy Francis sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ eré náà ju púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ lọ. Òfin tí Australia fi ń lé aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó fà á. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbọ́ ni èyí pẹ̀lú. Kí ó gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí fún àwọn kan, pé ilẹ̀kùn mìíràn wà ní títì mọ́ àwọn ènìyàn kan náà, àti pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ láàárín méjèèjì.

2. Ẹ ní agbábọ́ọ̀lù lásán ni, pé ìwé ni kí ọmọ kọjú mọ́.

Gbólóhùn yìí ni ó dùn mí jù, nítorí ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó ka ojú ìwé mẹ́fà tí mo fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti kà á, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ̀ bá sọ pé kò sí ìtàn tí ó pe ọmọ sí ìdí ìwé tó èyí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ níhìn-ín, kí ẹ̀yin òbí náà sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí ó jẹ́, nítorí ọ̀kan nínú yín pè é ní “eré àwọn oníjàgídíjàgan” ní ìpàdé. Ní 1895, ní ilé-ìtura kan tí ń jẹ́ George ní Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lára àwọn ọ̀gá rọ́gbì, nítorí pé àwọn ọ̀gá náà kò gbà kí wọ́n san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó pa iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé jẹ láti wá gbá bọ́ọ̀lù. Awakùsà ni wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú ni wọ́n, àwọn tí bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, ebi yóò pa ọmọ wọn lọ́la. Orí owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi pín yà, ibẹ̀ sì ni eré tí Cec gbá ti wá. Àwa tí a mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gba àyè níbi iṣẹ́ kí owó ọjọ́ náà sì lọ, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

Nínú eré náà, ènìyàn mẹ́tàlá ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà nínú wọn ni agbábọ́ọ̀lù iwájú. Wọn kì í ṣe àwọn tí ń sáré lẹ́bàá ìlà tí èrò ń patẹ́wọ́ fún. Àwọn ni ó ń kó orí jọ nínú scrum tí wọ́n ń ti ara wọn bí àgbò. Cec wà ní ìlà kejì: orí rẹ̀ wà láàárín ìdí àwọn tí ó wà níwájú, èjìká rẹ̀ ni ó sì ń gbé agbára náà. Ní àwọn ọdún 1950, kò tíì sí òfin tí ó sọ iye ìgbà tí wọ́n lè gbé ẹ̀gbẹ́ kan lulẹ̀ kí ó tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. 1966 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbà mẹ́rin dí i. Nítorí náà iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú ni kí ó gbé bọ́ọ̀lù, kí ó sáré lu ògiri ènìyàn, kí wọ́n gbé e lulẹ̀, kí ó dìde, kí ó sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìpààrọ̀. Títí di 1964, bí ènìyàn bá fara pa tí ó jáde, ẹni méjìlá ni yóò parí eré náà. Èyí mú kí ọ̀pọ̀ máa fi egungun tí ó ti sán gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ ajé, wọn óò tún padà síbi iṣẹ́, nítorí owó eré náà kò tó gbọ́ bùkátà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Cec Thompson wọ̀ ní 1948, nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlélógún. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ kò ní agbára láti tọ́ ọ, nítorí náà inú àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn ni ó ti dàgbà, níbi tí ó ti jẹ́ pé òun nìkan ni awọ rẹ̀ dúdú lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, agbára káká ni ó fi lè kàwé. Ó wá síbi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ní Leeds. Ẹgbẹ́ Hunslet gbà á, kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ tí ó fi di ẹni tí a mú fún ikọ̀ Great Britain, tí ó gbá ìdíje méjì pẹ̀lú New Zealand ní 1951.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Hunslet. Ẹgbẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ gba ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú sáà kan ṣoṣo, ní 1907 sí 1908, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú rẹ̀ ni gbogbo ìlú sì ń bẹ̀rù. Gúúsù Leeds ń fi àwọn iwájú rẹ̀ yangàn bí ìlú mìíràn ti ń fi jagunjagun yangàn. Ní irú ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọmọ òrukàn aláwọ̀ dúdú sí ìlà kejì, tí àwọn èrò Parkside, pápá ẹgbẹ́ náà, sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n ta pápá Parkside ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì wó o. Kò sí ohun tí ọmọ lè fojú rí níbẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an sì ni ó fi yẹ kí ẹnu àgbà sọ ọ́.

Ní 1953 ó lọ sí Workington Town, ní Cumberland, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni ó sì ti lo àwọn ọdún tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ó bá wọn dé pápá Wembley ní London lẹ́ẹ̀mejì láti du ife tí ó ga jù nínú eré náà. Ní 1955, Barrow fi 21 sí 12 lù wọ́n. Ní 1958, níwájú èrò 66,109, Wigan fi 13 sí 9 lù wọ́n, Billy Boston, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, sì wà nínú ikọ̀ Wigan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òbí mi, ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní, òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ní Wembley, ní 1958. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ń lu àwọn ènìyàn wa ní òpópónà Notting Hill ní London, tí a ṣì ń sọ ọ́ dòní. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní rògbòdìyàn Notting Hill ní ọdún tó kọjá, ẹ kò sì bá mi wí. Kí ló dé tí Wembley fi di èèwọ̀?

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn eré. Ní Workington, ó dá iṣẹ́ fífọ fèrèsé sílẹ̀ láti fi gbọ́ bùkátà. Ó ń gun àkàbà lójoojúmọ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Àgbàlagbà tí orúkọ rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn, tí àwọn ọmọdé ń dá mọ̀ lójú ọ̀nà, jókòó bí ọmọ kíláàsì, ó ṣe ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń ṣe, ó sì yege. Ní 1960 ó lọ sí Barrow gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti olùkọ́ ikọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó fi pápá sílẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ó ti ń sún mọ́ ọmọ ogójì ọdún, ó wọ Yunifásítì Leeds, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Ó lọ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Chesterfield. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1995. Yunifásítì tí ó ti kàwé tún fún un ní oyè ọlá. Ẹni tí kò lè kàwé dáadáa nígbà èwe rẹ̀ ni mò ń sọ o.

Nígbà tí ó wà ní yunifásítì náà, ó tún ṣe ohun kan tí mo rò pé ó ju Wembley lọ. Rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìkan ni wọ́n ń gbá ní yunifásítì nígbà náà. Àwọn ọ̀gá eré yẹn sì máa ń lé ẹni tí ó bá gba kọ́bọ̀ nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá kúrò títí láé. 1995 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Eré àwọn òṣìṣẹ́ kò ní àyè nínú ọgbà àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1967, Cec àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá sílẹ̀ ní Yunifásítì Leeds, láti ibẹ̀ ni eré náà sì ti tàn dé àwọn yunifásítì mìíràn. Ọkùnrin kan mú eré àwọn òṣìṣẹ́ wọ ibi ìwé, ó sì mú ara rẹ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìwé, ta ni ẹ tún fẹ́ kí n fi han àwọn ọmọ?

Ẹ máa ń sọ fún wa ní ìpàdé òbí pé àwọn ọmọkùnrin wa ń fi ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Mo gbà, ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, bọ́ọ̀lù ni púpọ̀ nínú wọn yóò yàn, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹni tí ó jọ wọ́n. Ìtàn yìí ń fi hàn wọ́n pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé ẹni tí ó ti lo ara rẹ̀ tán ní pápá ṣì lè lọ jókòó níwájú ìwé, tí kò sì ní tijú.

3. Ẹ ní ó bani nínú jẹ́ jù fún ọmọdé.

Lórí èyí n kò ní sọ púpọ̀. Ọmọ kan wà nínú kíláàsì mi tí kì í ṣe àwọn tí ó bí i ni ó ń mú un wá. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi jókòó lẹ́yìn láìdáhùn ìbéèrè. Nígbà tí mo ka apá tí ó sọ nípa ilé àwọn ọmọ òrukàn, ọmọ yìí gbé ọwọ́ sókè. Òun ni ó ní òun fẹ́ ka apá yẹn fún àwọn òbí ní ọjọ́ ètò. Ó ti há a sórí, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. N kò tíì lè sọ fún un pé ẹ ti yọ ọ́.

4. Nípa David Olúwálé.

Ẹ fi David Olúwálé sílẹ̀ fún Sátidé kìn-ín-ní, mo sì dúpẹ́ fún èyí. Ọmọ Yorùbá ni, láti Èkó. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Hull ní 1949, ó sì wá ń gbé Leeds. Ọdún mẹ́jọ ni ó kọ́kọ́ lò ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ó di aláìnílé, àwọn ọlọ́pàá méjì kan ń fìyà jẹ ẹ́ ní òru, ní 1969 wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Ní 1971 ilé-ẹjọ́ rán àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n lù ú. Àmì ìrántí rẹ̀ wà ní Leeds Bridge láti 2022, afárá mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá ìlú yìí mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ wo àwọn ọdún wọ̀nyí ná. Nígbà tí Olúwálé dé Leeds, Cec Thompson ń gbá bọ́ọ̀lù fún Hunslet, ní òdìkejì odò kan náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí Olúwálé ń sùn lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ìsọ̀, Cec ń gòkè lọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìlú kan náà. N kò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Olúwálé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìlú ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bí a bá fi ìtàn Olúwálé nìkan han ọmọ ọdún mẹ́wàá, yóò gbà pé ohun tí Leeds ń ṣe fún ẹni tí ó dà bíi tirẹ̀ ni kí ó gbé e sọ sínú odò. Bí a bá fi ti Cec nìkan hàn án, yóò rò pé ẹni tí kò bá dìde kò sapá tó ni. Irọ́ ni méjèèjì. A tò wọ́n sí Sátidé kìn-ín-ní àti ìkẹta kí àwọn ọmọ lè gbé wọn sọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ ti gba ọwọ́ kan kúrò lára wọn.

5. Nípa bí ẹ ṣe ṣe ìpinnu náà.

Èyí kéré sí àwọn tó kù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ kò pe olùkọ́, ẹ kò pe òbí, ẹ kò sì bi àwọn ọmọ. Ètò tí ènìyàn mẹ́rìnlá fi oṣù méjì ṣe, gbólóhùn mẹ́ta lórí fóònù ni ó pa á. Bí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ bá ṣe irú rẹ̀ sí wa, a ó sọ pé wọn kò kà wá sí ènìyàn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí:

Èkíní, kí ẹ dá Cec Thompson padà sí Sátidé kẹta, pẹ̀lú wákàtí kan ààbọ̀ tí a ti fún un tẹ́lẹ̀. Bí ìfihàn aṣọ àti oúnjẹ bá ṣe pàtàkì, Sátidé kẹrin ṣí sílẹ̀, èmi fúnra mi yóò sì bá yín gbé tábìlì.

Èkejì, kí ẹ jẹ́ kí á kó àwọn ọmọ jáde ní ọjọ́ kan nínú oṣù náà. A ó dúró ní Leeds Bridge níwájú àmì ìrántí Olúwálé, a ó sì gba ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Hunslet. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Òbí mẹ́fà ti gbà láti tẹ̀lé wa.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ fi sínú òfin ilé-ẹ̀kọ́ pé a kò ní yọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ti ṣe tán láìjẹ́ pé a pe olùkọ́ wọn, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, mo bẹ̀ yín, kí ọ̀kan nínú yín, Alága bí ó bá ṣeé ṣe, wá sí kíláàsì mi ní Sátidé tí ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ há sórí. Bí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ ṣì sọ pé kò yẹ, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Èmi kò ní lè sọ ọ́ fún wọn.

Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́bọ̀ tó pé, nítorí àwọn ọmọ ń bi mí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùkọ́ kíláàsì kẹta, tí ó tún jẹ́ òbí ọmọ méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí.